Bí ojú láptọ́ọ̀pù bá ń ṣú: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra sikirín tuntun

Bí ojú láptọ́ọ̀pù bá ṣàdédé ṣú, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹni tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù ni pé, "Sikirín ẹ̀ ti kú, ẹ bá mi wá òmíì." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sikirín ni mo máa ń fẹ̀sùn kàn kẹ́yìn, torí pé tí a bá yọ bọ́ọ̀dù (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀rọ so mọ́) sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun ló ń gbówó lọ́wọ́ ẹni jù. Kó tó kàn án, àwọn afurasí pọ̀ nílẹ̀: wáyà tó gbé àwòrán gba inú híńjì lọ sókè, ráàmù (pátákó kékeré tí ẹ̀rọ fi ń rántí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́) tí kò jókòó dáadáa, ṣajà ayédèrú, eruku tó dí fáànù, driver (ètò tí Windows fi ń darí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ) tí update dà rú, títí kan òòfà kékeré tó wà lára àpò fóònù.

Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Ṣé ẹ̀rọ náà ṣì wà láàyè nígbà tí ojú rẹ̀ ṣú? Tó bá wà láàyè, ṣé àwòrán wà lójú rẹ̀, tó jẹ́ pé iná ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò tàn? Tí kò bá sí àwòrán rárá, ṣé ojú ni kò rí i gbà ni, àbí bọ́ọ̀dù ni kò fi ránṣẹ́? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní ra ohun tí kò nílò. Kò sì ní wọ ọkọ̀ láti Sábó, kó gba Máìlì 12 àti Kétu lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kó lọ jẹ ìyà gosiló lórí ohun tí bọ́tìnì mẹ́rin lè yanjú nílé.

Windows ni mo fi ń ṣàlàyé, torí òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Tòkúnbọ̀ tí à ń lò ní Ìkòròdú níbí.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó, ẹ má tíì tú u

Ẹ tan orin sílẹ̀ lórí rẹ̀, èyí tó gùn dáadáa, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Nígbà tí ojú bá ṣú, ẹ dẹtí sílẹ̀. Bí orin bá ṣì ń lọ, ẹ̀rọ ò kú, ojú nìkan ló ní wàhálà. Bí orin bá há sójú kan tó ń pe ohùn kan ṣoṣo lápètúnpè, Windows ló há. Bí orin bá dákẹ́ lójijì, ẹ wo iná kékeré tó wà lára bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án. Tó bá ń ṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ náà ti sùn ni. Tó bá ti kú fin-ín, ẹ̀rọ ti kú pátápátá, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi àkókò ṣòfò lórí sikirín: iná, bátìrì tàbí ooru ni kí ẹ wá lọ.

Ẹ tún tẹ Caps Lock. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó sì ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ṣì ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá bébà kékeré kan, kí ẹ kọ ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ síbẹ̀. Ṣé ìgbà tí ẹ bá mi ìdérí síwájú sẹ́yìn ni? Wáyà ni kí ẹ fura sí. Ṣé ìgbà tí ẹ bá yọ ṣajà ni? Bátìrì ni, tàbí ètò iná inú Windows. Ṣé ìgbà tó bá gbóná, tí fáànù ń ké kíkan ni? Ooru. Ṣé ó jẹ́ pé tí ẹ kò bá ti fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú márùn-ún gééré ló ń ṣú? Ó ń sùn ni, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣé lẹ́yìn tí àmì Windows bá ti yọ tán ni? Driver. Bébà yìí wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ, pàápàá tó bá padà di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́. Ẹni tó sọ pé "ó kàn máa ń ṣú ṣá ni" ń fi owó ara rẹ̀ wá ìdáhùn.

Ohun tí kò gba sikurudíráfà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìmọ́lẹ̀ ojú. Bọ́tìnì tó ní àwòrán oòrùn wà lórí ìlà F1 sí F12, ibi tó wà gan-an yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ẹ tẹ èyí tó ń fi kún un. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ di Fn mú kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọdé tó fi kíbọ́ọ̀dù ṣeré lè ti fà á wálẹ̀ pátápátá.

Ó kan Windows àti P. Bọ́tìnì méjèèjì yìí ló ń sọ fún láptọ́ọ̀pù ibi tó máa gbé àwòrán sí. Àwọn tó ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ projector ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi ìpàdé ni èyí máa ń dà láàmú jù. Wọ́n á yan Second screen only, wọ́n á fa wáyà yọ, nígbà míì ẹ̀rọ ò sì ní mọ̀ pé projector ti lọ. Ẹ di Windows mú, ẹ tẹ P lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀, ẹ tún tẹ P, kí ẹ wá tẹ Enter. Ẹ tún un ṣe bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, torí pé nǹkan mẹ́rin ló wà nínú àṣàyàn náà.

Bọ́tìnì mẹ́rin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyí: Windows, Ctrl, Shift àti B, kí ẹ tẹ gbogbo wọn pọ̀. Ó ń jẹ́ kí driver àwòrán bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun láìpa ẹ̀rọ. Ẹ máa gbọ́ ohùn kékeré kan, ojú á ṣẹ́, á sì padà. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ kò ní sọnù. Bó bá jẹ́ pé èyí ló ń gbà yín sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, driver ló jẹ̀bi, ẹ tètè kọjá sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ Windows nísàlẹ̀.

Nínú Settings, ẹ wọ System, kí ẹ ṣí Power & battery. Windows 10 ń pè é ní Power & sleep. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ní kó fi pa ojú àti iye tó fi máa sùn, lórí iná àti lórí bátìrì. Láptọ́ọ̀pù tó ti ọ́fíìsì òkè òkun wá lè ṣì wà lórí ètò tí wọ́n ṣe fún un níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òòfà wá. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ní òòfà nínú ìdérí, tí ohun kékeré kan tó ń mọ òòfà sì wà nísàlẹ̀, lábẹ́ ibi tí ọwọ́ ń sinmi lé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Bí méjèèjì bá pàdé, ẹ̀rọ á gbà pé ẹ ti pa ìdérí dé, á sì pa ojú. Òòfà mìíràn lè tàn án jẹ. Ọmọ LASUSTECH kan, yunifásítì tó wà ní Ìkòròdú níbí, gbé tirẹ̀ wá bí èyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ó máa ń ṣú tí mo bá ti jókòó láti tẹ project mi."

"Ó dáa. Jókòó síbí, kí o máa tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nílé."

Ó jókòó, ó gbé fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, sórí láptọ́ọ̀pù gan-an, fóònù tó wà nínú àpò aláwọ tó ń pa ara rẹ̀ dé. Ojú ṣú.

"Gbé fóònù yẹn kúrò níbẹ̀, àbúrò."

Ojú padà. Ẹ̀gbà ọwọ́ tó ní òòfà máa ń ṣe irú rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù méjì tí ẹ gbé léra wọn náà lè ṣe é.

Tí ojú bá ṣú tí kò fẹ́ padà rárá, ẹ jẹ́ kí iná inú rẹ̀ gbẹ. Ẹ yọ ṣajà, fíláàṣì, máòsì àti ohunkóhun tó wà lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ irú èyí tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ láti ẹ̀yìn, ẹ yọ òun náà. Ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án, ẹ má sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ dá bátìrì padà, ẹ ki ṣajà, ẹ tàn án. Ó rọrùn débi pé àwọn kan kì í fẹ́ gbà pé iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí Nẹ́pà fi iná ségesège dà rú lè tìtorí rẹ̀ jí.

Tọ́ọ̀ṣì àti tẹlifíṣọ̀n

Ibí ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá sikirín ni lóòótọ́, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ dúró di alẹ́ tàbí kí ẹ fa kọ́tìnì. Ẹ tan láptọ́ọ̀pù, kí ẹ fún un láyè kó tàn tán. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ gbé e sún mọ́ sikirín bí ìbú ìka méjì, kí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má kọjú sí i gbọnrangandan. Ẹ máa sún un kiri díẹ̀díẹ̀, pàápàá níbi tí àmì Recycle Bin àti aago máa ń wà. Bí ẹ bá rí wọn fírífírí lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà, àwòrán ń dé ojú, iná ẹ̀yìn sikirín ni kò tàn. Ohun tó lè fà á ò pọ̀: wáyà tó já tàbí tó ń já, fíúsì kékeré orí bọ́ọ̀dù tó jó, ìlà gílóòbù LED tó wà nínú sikirín tó kú, tàbí ọ̀rọ̀ òòfà ìdérí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán. Fíúsì yẹn ò tó hóró ìrẹsì, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Iṣẹ́ ọwọ́ lẹ máa sanwó rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ gan-an, irú àwọn tó jáde ṣáájú 2010 tàbí níbẹ̀, ń lo ọ̀pá iná tín-ín-rín àti inverter kékeré (èyí tó ń fún ọ̀pá náà níná, kì í ṣe ti inú ilé) lábẹ́ sikirín. Àwọn yẹn náà ń jó. Ẹ̀rọ tí sikirín rẹ̀ jẹ́ OLED ò ní iná ẹ̀yìn rárá, nítorí náà tọ́ọ̀ṣì ò lè sọ nǹkan kan níbẹ̀.

Bí tọ́ọ̀ṣì ò bá fi nǹkan kan hàn, ẹ gbé e lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi wáyà HDMI so wọ́n pọ̀, ẹ yan HDMI lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ tan láptọ́ọ̀pù. Tí àwòrán ò bá yọ fúnra rẹ̀, ẹ lo Windows àti P kí ẹ fi sí Duplicate. Ẹ jókòó tì í títí di ìgbà tí ojú láptọ́ọ̀pù máa ń ṣú. Tí láptọ́ọ̀pù bá ṣú tí tẹlifíṣọ̀n ò ṣú, bọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, wàhálà wà láàárín bọ́ọ̀dù sí ojú: wáyà tàbí sikirín. Tí méjèèjì bá ṣú pọ̀, kò sí sikirín tuntun tó lè wo èyí sàn. Driver ni, ráàmù, ooru, tàbí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà yín ní sikirín lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kó kọ́kọ́ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n níṣojú yín.

Ẹni tó ní Dell ní àǹfààní kan sí i. Ẹ pa á, ẹ di D mú lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ wá tàn án láì jọ̀wọ́ D. Sikirín á máa yí àwọ̀ padà: funfun, dúdú, pupa, ewéko, búlúù. Bí àwọ̀ wọ̀nyí bá mọ́ rokoṣo, láìsí ìlà, láìṣẹ́jú, sikirín yín sàn.

Àyẹ̀wò kan ṣì wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ, torí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnì tó ń gbé yín wọ BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé) léraléra: F2 lórí Dell àti Acer, F10 lórí HP, F1 lórí ThinkPad. Ẹ má yí nǹkan kan padà níbẹ̀ o. Ẹ kàn gbé e sílẹ̀ kó wà lójú BIOS fún àkókò tó máa ń gbà á kó tó ṣú. Windows ò tíì jí nígbà yẹn. Bó bá ṣú nínú BIOS, Windows mọ́wọ́ mọ́sẹ̀, ara ẹ̀rọ ni ká wá a sí. Bó bá wà bẹ́ẹ̀ láìṣú, tó sì ń ṣú kété tí Windows bá dé, ẹ má tíì ra ohunkóhun.

Wáyà inú híńjì

Bí ìdérí bá ní igun kan tó ń dára sí, tí ojú ń tàn tí ẹ bá fà á síwájú díẹ̀ tó sì ń kú tí ẹ bá tì í sẹ́yìn, mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé wáyà ni.

Wáyà yẹn kéré, ó pẹlẹbẹ tàbí kó jẹ́ ìdìpọ̀ àwọn wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi téèpù dúdú wé. Ó gbéra láti orí bọ́ọ̀dù, ó gba ẹ̀gbẹ́ híńjì kan, ó gòkè lọ sẹ́yìn sikirín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí láptọ́ọ̀pù tí ẹ sì pa á dé, ó ń ká. Tòkúnbọ̀ tí wọ́n ti fi ọdún mélòó kan ṣí tí wọ́n fi pa á dé lókè òkun kó tó gba ọkọ̀ ojú omi débí, wáyà rẹ̀ ti rí nǹkan. Bí híńjì bá tún le, tàbí tí ike tó mú un bá ti fọ́, wáyà náà ló ń jìyà rẹ̀.

Tí ọwọ́ yín bá gbà á láti tú u, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ pa á, kí ẹ yọ ṣajà, kí ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì yọ ẹnu bátìrì kúrò lórí bọ́ọ̀dù. Èmi ò ní fọwọ́ kan wáyà sikirín láìyọ bátìrì. Iná tó ń lọ sí ẹ̀yìn sikirín gba inú wáyà kan náà. Bí ẹnu rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí iná ṣì wà níbẹ̀, fíúsì á jó, wáyà tó kàn ń mì á di bọ́ọ̀dù tó ń fẹ́ iṣẹ́.

Ẹ wá tẹ̀lé wáyà náà débi tó ti wọ bọ́ọ̀dù. Téèpù kékeré ló máa ń wà lórí ẹnu rẹ̀, tàbí irin pẹlẹbẹ tó ń ṣí sókè. Ẹ ṣí i. Ẹ má fi wáyà fà á o, ẹnu ike rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, kí ẹ rọra tì í sẹ́yìn, kó wọ́ jáde lóòró. Ẹ wo àwọn irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀: ṣé wọ́n ń dán, àbí àwọ̀ ewé ti gbà wọ́n? Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé omi ti débẹ̀ rí, bóyá tíì, bóyá òjò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti isopropyl (ọtí tí wọ́n fi ń nu ẹ̀yà ẹ̀rọ) nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ dá a padà títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ti wọlé. Ẹ lẹ téèpù rẹ̀. Bó bá jẹ́ inú híńjì ló ti bó, tí ẹ rí irin pupa nínú rẹ̀, ẹ má fi téèpù wé e, ẹ ra òmíràn. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀ lórí bébà kékeré kan. Ẹ yà á ní fọ́tò.

Ẹ̀gbẹ́ sikirín náà ní ẹnu wáyà tirẹ̀, àmọ́ ó gba kí ẹ ṣí férémù ojú rẹ̀, ike tín-ín-rín sì ni, ó máa ń kán. Tí ẹ kò bá ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ dúró níbi bọ́ọ̀dù.

Nẹ́pà, ṣajà àti bátìrì

Láti Ìgbógbó títí dé Ìmọ̀ta, kò sẹ́ni tí iná kì í mú lọ mú bọ̀ fún. Ṣajà láptọ́ọ̀pù tó dára ò bẹ̀rù ìyẹn púpọ̀: ẹ ka ara rẹ̀, ẹ máa rí INPUT 100-240V, iná tiwa sì yẹ kó jẹ́ 230V. Ìgbà tí iná bá wálẹ̀ gan-an, tí gílóòbù ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ni ṣajà máa ń gbà tó sì ń kọ̀, tó ń gbà tó sì ń kọ̀. Nígbàkígbà tí ó bá kọ̀, Windows á bọ́ sórí ètò bátìrì, á dín ìmọ́lẹ̀ kù; lórí àwọn ẹ̀rọ kan ojú tiẹ̀ máa ń ṣú fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó padà, torí pé ìwọ̀n tí sikirín fi ń tún àwòrán yà yí padà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan, ẹ yọ ṣajà, kí ẹ lò ó lórí bátìrì nìkan. Tí kò bá ṣú mọ́, ẹ gbé ojú kúrò lára sikirín, kí ẹ wo ṣajà àti iná.

Lára ṣajà náà, ẹ wo OUTPUT. Èyí tó bá kọ 19.5V àti 3.34A jẹ́ 65W. Ẹ kàn máa fi nọ́ńbà méjèèjì sọ ara wọn di púpọ̀. Lenovo sábà máa ń kọ 20V àti 3.25A, 65W náà ni. Ẹ ẹ̀ lè fi ti 45W gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ 65W kí ẹ retí àlàáfíà: bátìrì á máa relẹ̀ bó tilẹ̀ wà lórí iná, bí iṣẹ́ bá sì pọ̀ lójijì ó lè kú. Ti Dell àti HP tún ní ìka tín-ín-rín kan láàárín ẹnu rẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń dá ṣajà mọ̀. Bí ìka yẹn bá kán tàbí tó wọ́, Dell á sọ lójú rẹ̀ pé òun ò mọ irú ṣajà tó jẹ́. Ayédèrú tó fúyẹ́ lọ́wọ́ bí páálí òfìfo, ẹ má fi pa owó mọ́.

Ti bátìrì, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kí ẹ tẹ Enter. Á sọ ibi tó fi fáìlì sí. Nínú rẹ̀ ẹ wo Design Capacity àti Full Charge Capacity. Èkíní ni iye tí bátìrì lè gbà nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́, èkejì ni iye tó ń gbà báyìí. Bí èkejì kò bá tó ìdajì èkíní, tí ẹ̀rọ sì ń kú pátápátá bí Nẹ́pà bá ṣe mú iná lọ, bátìrì ló ń parí lọ.

Bí bátìrì bá wú ńkọ́? Ẹ máa mọ̀ ọ́n nígbà tí ibi tí ẹ ń fi ìka fà bá ga sókè, tàbí tí láptọ́ọ̀pù kò jókòó pẹlẹbẹ lórí tábìlì mọ́. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ ṣajà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má jẹ́ kó wà nítòsí ibi tí ọmọdé ń sùn. Ó lè gbiná. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ ni kó yọ ọ́.

Ooru

Bó bá ń gbóná tí fáànù ń ké, tó sì ń kú fin-ín láìkìlọ̀, ó ń gba ara rẹ̀ là ni: ṣíìpù inú rẹ̀ ní ìwọ̀n ooru tó gbọ́dọ̀ fi pa ara rẹ̀, tó sábà máa ń sún mọ́ 100°C. Kò yẹ kí ẹ máa lò ó lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí pílò, torí ihò tó fi ń mí wà nísàlẹ̀. Eruku ọyẹ́ àti èéfín jẹnẹrétọ̀ máa ń di bí aṣọ sí ẹnu fáànù. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yọ ẹnu bátìrì, ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú kó má yí, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì àti afẹ́fẹ́ inú agolo lé eruku náà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lágbára jù, omi sì máa ń wà nínú rẹ̀. Bó bá ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti tú u, ó lè fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀dà tó wà láàárín ṣíìpù àti irin tó ń gbé ooru lọ.

Bó bá jẹ́ Windows

Ojú dúdú tí àmì máòsì ṣì hàn lórí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ sikirín rárá. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc; tí Task Manager bá jáde, ẹ yan Run new task, ẹ tẹ explorer.exe, kí ẹ tẹ Enter.

Kí ẹ tó fẹ̀sùn kan driver, ẹ wá ẹ̀rí. Nínú Event Viewer, níbi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ ṣí Windows Logs, kí ẹ wọ System, kí ẹ lọ sí àkókò tó ṣú gan-an. Nọ́ńbà 4101 láti ọ̀dọ̀ Display ń sọ pé driver àwòrán dákẹ́, Windows sì jí i padà. Kernel-Power 41 ń sọ pé ẹ̀rọ kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á bó ṣe yẹ, ìyẹn sì ń tọ́ka sí iná tàbí ooru ju driver lọ.

Tó bá jẹ́ driver, ẹ tẹ Windows àti X, ẹ ṣí Device Manager, ẹ wá Display adapters, ẹ tẹ orúkọ tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Driver. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn update ló bẹ̀rẹ̀, Roll Back Driver ni. Tí bọ́tìnì yẹn ò bá ṣeé tẹ̀, ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ, ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn láptọ́ọ̀pù yín síbẹ̀, kí ẹ gba driver tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ yẹra fún àwọn ètò tó ń ṣèlérí pé àwọn á wá gbogbo driver fún yín. Ìpolówó àti kòkòrò ni wọ́n máa ń kó wá.

Bí ojú bá ń ṣú kí ẹ tó ráyè ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ wọ Safe Mode, níbi tí Windows ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba driver. Ẹ tan ẹ̀rọ. Bí àmì rẹ̀ bá yọ, ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà yóò gbé ojú àtúnṣe jáde. Ẹ yan Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kí ẹ wá tẹ 4. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: tí BitLocker (ètò tó ń ti fáìlì inú ẹ̀rọ pa) bá wà lórí ẹ̀rọ náà, ó lè bèèrè kọ́kọ́rọ́ kan tó jẹ́ dígíìtì 48. Ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft ẹni tó kọ́kọ́ forúkọ wọ ẹ̀rọ. Ẹ wá a kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí driver tuntun bá kọ̀ láti jókòó lórí rẹ̀, ẹ padà sí èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Iná ń tàn, fáànù ń yí, àwòrán ò yọ rí

Bó bá rí báyìí láti ìgbà tí ẹ ti tàn án, tí tẹlifíṣọ̀n pàápàá ò rí nǹkan kan, ráàmù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Caps Lock tó ń ṣẹ́jú ní iye kan pàtó lórí HP, tàbí iná bátìrì tó ń yí láti pupa rúsúrúsú sí funfun lórí Dell, ń sọ̀rọ̀: ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú, kí ẹ wá ìtumọ̀ rẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù ilé iṣẹ́ náà. Ẹ yọ bátìrì, ẹ ya apá irin méjèèjì tó di ráàmù mú sọ́tọ̀. Á fò sókè fúnra rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu ibi tó ní àwọ̀ wúrà, ẹ gbọn èérún rẹ̀ dànù, ẹ dá a padà ní dídà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí tí apá méjèèjì yóò fi ké "kọ̀". Bó bá jẹ́ méjì, ẹ dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan wà tí ráàmù wọn lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Ti oníṣẹ́ nìyẹn.

Tó bá di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́

Ẹ kó fáìlì yín kúrò níbẹ̀ ná. Tí ojú bá ṣú tí ẹ̀rọ sì wà láàyè, tẹlifíṣọ̀n yẹn náà lẹ máa fi ṣe é. Ẹ mú bébà tí ẹ kọ nǹkan sí lọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tẹlifíṣọ̀n tàbí mọ́nítọ̀ níṣojú yín kí wọ́n tó dá owó.

Bó bá wá jẹ́ sikirín lóòótọ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ láptọ́ọ̀pù nìkan ra á fún yín, torí láptọ́ọ̀pù kan náà lè jáde pẹ̀lú oríṣi sikirín mẹ́ta. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn sikirín àtijọ́ ni kí wọ́n lò, irú NT156WHM-N42, níbi tí 156 ti jẹ́ 15.6 ínǹṣì. Kí wọ́n ka ìka tó wà ní ẹnu wáyà pẹ̀lú: 30 àti 40 kò ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn, ẹni tó bá fipá ki í lè jó fíúsì tí a ti ń dáàbò bò látẹ̀yìn wá. Kí wọ́n so tuntun náà mọ́ wáyà kí wọ́n tó dè é, kó tàn, kí ẹ wo funfun àti dúdú lójú rẹ̀ bóyá àmì kan wà. Ọ̀rá tó wà lójú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣí i títí ẹ ó fi rí i pé kò sí àbùkù, torí ọ̀pọ̀ olùtajà kì í gbà á padà tí wọ́n bá ti ṣí i. Wọ́n lè wá dè é, kí ẹ ṣí ìdérí kí ẹ pa á dé bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá níwájú wọn, kí ẹ tó sanwó.